Máàpù oko kókó tó dá ìjà sílẹ̀ nílùú wa: bó ṣe lọ gan-an

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ máàpù oko kókó tó di ìjà nílùú wa ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí yìí, oríṣiríṣi ìtàn làwọn èèyàn ń gbé kiri láti Kàbbà títí dé Mòpà. Àwọn kan ní a ti ta ilẹ̀ fún òyìnbó, àwọn kan ní ọba ló gbowó ẹ̀yìn, àwọn míì ní àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la fi ìtẹ̀ka àwọn ìyá wa ṣòwò. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọwọ́ mi ni mínítì gbogbo ìpàdé tá a ṣe láàfin wà, wọ́n sì ní kí n kọ bó ṣe lọ sílẹ̀ torí àwọn ìlú tó yí wa ká ti ń pè wá pé àwọn tí kọ́ńpìnì tó ń ra kókó rán ti dé ọ̀dọ̀ àwọn pẹ̀lú fóònù láti ya máàpù oko, ṣé káwọn tẹ̀ka ni àbí káwọn má tẹ̀ka. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó jà, ẹbí ni wọ́n, wọ́n ṣì máa jọ ṣe ìnáwó lọ́la.

Ìdí tí wọ́n fi wá náà ò farasin. Lọ́dún 2024 kókó gbówó lórí débi pé nígbà tó máa fi di oṣù Kejìlá, tọ́ọ̀nù kan ti kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, ni gbogbo ẹni tó ti pa oko bàbá ẹ̀ tì bá gbé àdá padà sóko, àwọn tó wà l'Ábújá pàápàá ń pe ilé láti bèèrè ibi tí ààlà wọn dé. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ti jọ ṣòfin kan ní 2023, nọ́ńbà ẹ̀ ni 2023/1115, ó ní kókó, kọfí, màlúù, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti pákó, kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ igbó tí wọ́n gé lulẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ kó kókó wọ ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ lè nàka sí ibi tí oko náà wà gan-an. Tí ò bá lè ṣe é, owó ìtanràn wà ńbẹ̀ tó lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń pa lọ́dún nílẹ̀ wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òpin 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ó di òpin 2025, ó tún di òpin 2026, àwọn kọ́ńpìnì kéékèèké dìgbà tó bá di àárín 2027, àmọ́ àwọn tó ń ra kókó ò dúró de ìyẹn, wọ́n ti ń ya oko kiri.

Ní Gánà, COCOBOD tó jẹ́ ti ìjọba ló ń kó orúkọ àgbẹ̀ àti máàpù oko jọ sójú kan. Tiwa ńkọ́? Láti 1986 tí ìjọba ti tú bọ́ọ̀dù kókó ká, ẹni tó bá lówó ló ń rà, ẹni tó ń rà náà ló ń yà á, ó ń tọ́jú ẹ̀ síbi tó wù ú, òun náà ló ń yan ohun tó máa bi wá àti èyí tí ò ní bi wá.

Àwọn ọmọ tí wọ́n rán wá, ọmọ dáadáa ni wọ́n, kì í ṣe gbájúẹ̀. Ọmọ Okun bíi tiwa ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sáàfin, wọ́n gbé obì àti ọtí kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọ́n bá wá. Wọ́n ní ẹni tí àwọn bá ya oko ẹ̀ máa rí owó díẹ̀ gbà lórí iye tí wọ́n ń ra kókó, wọ́n sì máa máa fún un lóògùn kókó lẹ́dínwó. Wọ́n wá fi kún un pé ẹni tí ò bá ṣe é, tó bá yá, kò sẹ́ni tó máa ra kókó ẹ̀ mọ́, Yúróòpù ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló kó gbogbo ìlú jáde. Àwọn àgbà tí wọn ò jáde fún ìdìbò jáde fún èyí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, NIN, iye ọmọ tí èèyàn bí, iye àwọn tó ń jẹun nínú ilé, ṣé o ní àkáǹtì báǹkì, báǹkì wo, wọ́n ya fọ́tò ojú, wọ́n gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde ká tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ̀ lé ẹ lọ sóko, o máa rìn yípo ààlà ẹ tòun ti ejẹ́ntì tó gbé fóònù dání, áàpù inú fóònù yẹn ló ń fa ìlà bí ẹ ṣe ń rìn. Tó bá parí, ojú fóònù máa kún fún gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní Mama ẹ tẹ̀ ẹ́ níbí yìí, Mama á tẹ̀ ẹ́. Ìyá tí ò rí Bíbélì Yorùbá kà láìsí jígí, gẹ̀ẹ́sì wínníwínní lójú fóònù tí oòrùn ń ta sí ló wá fọwọ́ sí yẹn o.

Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn tó ń bèèrè ẹni tó ni oko. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Ẹni tó bá wà lóko lọ́jọ́ tí wọ́n dé, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nílùú wa, mi ò lè ka iye oko kókó tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, torí wọn ò pọ̀. Bàbá àgbà ló gbin òmíràn, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń tọ́jú apá kan, ọmọ ẹ̀ obìnrin ń ká apá kan, àlejò kan wà nísàlẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, olórí ẹbí sì wà nílé tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún gbogbo wọn. Fóònù ò mọ ìyẹn, ẹni tó ṣe áàpù ò sì wá bèèrè kó tó ṣe é.

Ẹbí tó wá ja ìjà yìí, bó ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Bàbá wọn gbin kókó sí ilẹ̀ ẹbí nígbà tí kókó ṣì níyì, ìgbà tó kú, àwọn ọmọ pín àwọn igi fún títọ́jú, wọn ò pín ilẹ̀. Ọmọ ọmọ ẹ̀ kan tó ń gbé nílé, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń ṣe apá tó tóbi jù. Àǹtí ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sílùú kejì, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní Ìyá, ní apá tiẹ̀ tí ìyá tó bí i lọ́mọ ti gbìn, lọ́dọọdún ló ń wá ká a, pèrègún àti odò kékeré kan ló pààlà láàárín òun àti Ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ wá láti ìhà Ebira ní nǹkan bí ìgbà ayé bàbá mi, ló wà nísàlẹ̀ odò. Kò sí ẹnì kankan tó ń jà láti ìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya máàpù, Ìyá wà n'Ílọrin, ó lọ bá ọmọ ẹ̀ wẹ ọmọ. Àlejò lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà lóko, ejẹ́ntì ní kó rìn yípo oko, ló bá rìn yípo gbogbo ẹ̀, tiẹ̀, ti àǹtí ẹ̀, ti àlejò, odò àti pèrègún wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè láàfin, ó ní ṣebí oko bàbá àwọn náà ni gbogbo ẹ̀, kí lòun jí níbẹ̀? Mo gba ìlàjì ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ejẹ́ntì náà ní tiẹ̀ jẹ́wọ́ pé hẹ́tà, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ni wọ́n ń kà fáwọn, kì í ṣe iye àgbẹ̀, tí ọjọ́ bá sì ti lọ àwọn kì í bèèrè ẹni tó ni igi èwo.

Kò ju oṣù mélòó kan lọ, kọ́ńpìnì kó káàdì wá fún kálukú. Ó dùn ún wò: fọ́tò rẹ, orúkọ rẹ, àmì dúdú-funfun tí wọ́n ń fi fóònù yà, àti àwòrán oko tí wọ́n yà láti ojú òfurufú pẹ̀lú ìlà pupa yípo ẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n ka hẹ́tà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ó lọ fi rọ́bà bò ó ní Kàbbà, ó gbé e fún ẹnì kan tó ń yáni lówó, ìyẹn wò ó, ó rí sátẹ́láìtì, ó rí àmì kọ́ńpìnì, ó yá a lówó lórí ẹ̀. Ìgbà tí Ìyá dé fún ìkórè, ó bá ọ̀dà funfun lára àwọn igi kókó ẹ̀. Ó bi àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó yáni lówó ló ní káwọn wá sàmì sí i. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà lóko. Ààfin ló gbà lọ, ó fọ̀já gbàjá.

Ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, ó le. Ẹ̀gbọ́n gbé káàdì ẹ̀ kalẹ̀ níwájú Kábíyèsí, ó ní sátẹ́láìtì ló yà á, sátẹ́láìtì kì í ṣe ọmọ ẹbí ẹnikẹ́ni, kò lè ṣègbè. Ẹ má fi ṣẹ̀rín, àwọn ìjòyè tó kàwé ló kọ́kọ́ mi orí. Àwọn kan tún sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ọmọ obìnrin tó ti relé ọkọ kí ló tún ń wá nínú ilẹ̀, bíi pé àwọn ò mọ̀ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí ti dájọ́ lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, pé àṣà tó bá ní kí ọmọ obìnrin má jogún bàbá ẹ̀, kò bá òfin mu, nílẹ̀ Yorùbá wa níbí sì rèé, ta ló ti ń fi í du ọmọ obìnrin tẹ́lẹ̀? Ìjòyè àgbà kan, tí bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbin pèrègún yẹn, dákẹ́ títí, ó wá bèèrè pé: "Ta ló júwe ibi tí pèrègún wà fún sátẹ́láìtì yẹn?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìbéèrè bàbá yẹn le téèyàn bá mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Sátẹ́láìtì ò fa ìlà kankan. Fóònù ló ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láti mọ ibi tí òun wà, ìlà tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹni tó gbé fóònù dání, ẹsẹ̀ yẹn sì lè lọ síbi tó bá wù ú. Fóònù ọwọ́ tiẹ̀ lè ṣì í tó bíi mítà márùn-ún níbi tí ojú ọ̀run là gbayawu, lábẹ́ igi kókó tí ewé ti bo gbogbo òkè ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Mítà márùn-ún, ìlà igi kókó kan odindi nìyẹn, ó lè ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọmọ yẹn wá ń sọ pé nọ́ńbà tí fóònù àwọn fi ń júwe ibi tí oko wà ní ẹsẹ mẹ́fà, ìyẹn ẹyọ nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì désímà, pé ìyẹn fi hàn pé ó péye. Òótọ́ ni pé ẹsẹ mẹ́fà tó láti fi sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó kéré ju gígùn ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Àmọ́ èèyàn lè kọ ẹsẹ mẹ́fà sórí irọ́ náà.

Kí n má tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì, ẹjọ́ kejì wà tí kò pariwo tó ti ẹbí yẹn, èmi sì rò pé òun ló burú jù. Opó kan nínú ẹgbẹ́ wa, káàdì tiẹ̀ ò dé rárá. A pè wọ́n, a tún pè wọ́n, wọ́n wá ní oko ẹ̀ pupa. Pupa báwo? Wọ́n ní kọ̀ǹpútà fi máàpù ẹ̀ wé máàpù igbó tọdún 2020, ó ní igbó ni ibẹ̀ nígbà yẹn, nítorí náà wọn ò lè ra kókó ẹ̀ sínú èyí tó ń lọ Yúróòpù. Oko tí ọkọ ẹ̀ gbìn kí ọmọ wọn àkọ́kọ́ tó relé ìwé, igi kókó ńbẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé abẹ́ ìrókò, ọ̀pẹ àti obì làwọn àgbà gbin kókó sí, bí CRIN, ilé ìwádìí kókó tó wà n'Íbàdàn, pàápàá ṣe ń sọ pé kókó fẹ́ ibòòji. Ohun tó ń wò wá látòkè, orí ewé ló ń rí. Máàpù igbó 2020 tí àwọn Yúróòpù fúnra wọn gbé jáde, ilẹ̀ mítà mẹ́wàá níbùú àti lóròó ni ẹyọ ojú kan nínú ẹ̀, kókó tó wà lábẹ́ igi ńlá máa ń jọ igbó lójú ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òfin wọn gan-an sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí kì í ṣe igbó. Àmọ́ ejẹ́ntì ní nínú áàpù àwọn kò síbi téèyàn ti lè bẹ̀bẹ̀ tàbí kó ní kí wọ́n wá fojú rí i. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́, ó parí.

Àwọn kan nínú wa tún ní látìgbà tí àwọn ti tẹ̀ka ni àwọn ayánilówó orí fóònù àti àwọn tó ń ta ajílẹ̀ ti ń pe àwọn lórúkọ. Mi ò lè fi yé ẹnikẹ́ni pé ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnì yìí ló ti jáde, nọ́ńbà wa ti wà lọ́wọ́ àgbáyé tẹ́lẹ̀, nítorí náà a yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́.

Ìpàdé kejì la ti pe ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ lọ́yà l'Ábújá sórí fóònù. A gbé fóònù sórí tábìlì níwájú ọba, a tan ohùn ẹ̀ sókè, nẹ́tíwọ̀kì ń já, a ní láti gbé fóònù lọ síbi fèrèsé, Kábíyèsí fúnra wọn dìde tẹ̀ lé e. Ohun tó sọ yí ìpàdé yẹn padà. Ó ní òun ti ka òfin Yúróòpù yẹn délẹ̀, kò síbi tó ti bèèrè ìtẹ̀ka. Kò bèèrè fọ́tò ojú. Kò bèèrè iye ọmọ. Ó bèèrè ibi tí oko wà, oko tí ò bá sì ju hẹ́tà mẹ́rin lọ, kò dandan kí wọ́n rìn yípo ẹ̀, àmì ibì kan ṣoṣo láàárín oko, tí wọ́n ń pè ní pọ́íǹtì, ti tó. Ẹ rántí káàdì Ẹ̀gbọ́n. Hẹ́tà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ká ní wọ́n ya oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó máa tó hẹ́tà mẹ́rin, pọ́íǹtì mẹ́ta làwọn ì bá gbà lọ, ìlà pupa ò ní sí, káàdì tí wọ́n máa fi yáwó ò ní sí, ọ̀dà funfun ò ní dé ara igi ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n gbà láìnídìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀.

Lọ́yà tún ní òfin ilẹ̀ wa ò fàyè gba irú ẹ̀. Òfin ààbò détà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, abala 24 ẹ̀ sọ pé ẹni tó ń gba détà kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tó nílò lọ fún iṣẹ́ tó lóun fẹ́ fi ṣe. Abala 26 ní tó bá dọ̀rọ̀ pé ṣé èèyàn gbà tàbí kò gbà, ẹni tó gba détà ni yóò fi hàn pé onítọ̀hún mọ ohun tó ń gbà sí, kì í ṣe àgbẹ̀ ló máa wá ẹ̀rí. Ìtẹ̀ka àti ojú wà lára èyí tí òfin náà ṣọ́ jù, abala 30. Ti opó yẹn ńkọ́? Abala 37: èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó máa kan òun gbọ̀ngbọ̀n, kí ó lè ní kí èèyàn bíi tiẹ̀ tún un wò. Ẹnì kan ní ta ló ń bẹ̀rù òfin Nàìjíríà, lọ́yà ní kó lọ bi MultiChoice tó ni DStv, tí NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin détà yìí, bu owó ìtanràn tó ju 766 mílíọ̀nù náírà lọ fún ní oṣù Keje 2025. Ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ tún mẹ́nu kan Kẹ́ńyà, níbi tí ìjọba ti dá àwọn Worldcoin tó ń ya ẹyinjú èèyàn fún owó orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró ní oṣù Kẹjọ 2023, tí ilé ẹjọ́ gíga wọn sì pàṣẹ ní oṣù Karùn-ún 2025 kí wọ́n pa gbogbo détà ojú àti ẹyinjú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ́.

Lórí káàdì, ó ní kì í ṣe ìwé ilẹ̀, kò sì lè jẹ́ ẹ láéláé. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ tọdún 1978, ilẹ̀ ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí gómìnà ló lè fúnni níwèé ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ra kókó. Ilẹ̀ ẹbí sì rèé, ọmọ ẹbí tó tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ló tà. Ẹni tó yá Ẹ̀gbọ́n lówó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo ojú ẹ̀.

Ọ̀gá àwọn ejẹ́ntì wá láti Àkúrẹ́ fún ìpàdé kẹta. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo fún ọkùnrin yẹn, ó wá, kò sá, kò sì bínú. Ó ní àwọn tó ń ra kókó lọ́wọ́ àwọn lókè òkun kò fẹ́ gbọ́ pọ́íǹtì, ìlà ni wọ́n ń béèrè lórí gbogbo oko, kékeré àti ńlá, torí ẹ̀rù ìtanràn ń bà wọ́n. Ìtẹ̀ka, ó ní káwọn má bàa kọ àgbẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ni, ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn níbòmíràn tí wọ́n kó oògùn lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbọ́ ọ, ó nítumọ̀ díẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́ àti ẹlẹ́rìí méjì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìyá kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun láyè, ó ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣé àwọn ọmọ tó rán wá kò lè wo ojú ilẹ̀ kí wọ́n rí i pé odò wà níbẹ̀ ni? Ọ̀gá ní fọ́ọ̀mù ò láyè odò. Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín, inú mi ò dùn sí i púpọ̀.

Lọ́yà wá fi ọ̀rọ̀ kan tì í mọ́ ògiri: òfin Yúróòpù yẹn ò sọ̀rọ̀ igbó nìkan, ó ní kókó náà gbọ́dọ̀ bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu, ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Kókó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí wá, ìṣòro ló jẹ́ fún kọ́ńpìnì náà kó tó di tiwa. Ibẹ̀ lọ̀gá ti gbé bírò.

Ohun tá a fẹnu kò sí, mo máa sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mínítì. Wọ́n máa tún oko ẹbí yẹn yà ní mẹ́ta, olórí ẹbí, Ìyá, Ẹ̀gbọ́n àti àlejò máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lórí gbogbo oko tí ò tó hẹ́tà mẹ́rin, pọ́íǹtì ni wọ́n máa gbà, tí olùrà wọn bá ní ìlà ni òun fẹ́, kó kọ lẹ́tà ìdí ẹ̀ sí ọba. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti ń bèèrè ẹni tó ni oko, ohun tí wọ́n máa kọ ni ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ẹbí tó ni ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àti orúkọ ẹni tó júwe ààlà fún wọn, èyí ìkẹyìn yìí ìjòyè àgbà ló ní kí wọ́n fi sí i. Lórí káàdì wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà ní Yorùbá pé kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ejẹ́ntì máa ka ohun tí èèyàn ń fọwọ́ sí sókè ní Yorùbá kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n á pa tiẹ̀ rẹ́, wọ́n ò ní torí ẹ̀ kọ̀ láti ra kókó ẹ̀ ní iye ọjà. Ẹ̀dà máàpù kọ̀ọ̀kan máa wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó má jẹ́ pé Àkúrẹ́ nìkan ni wọ́n ti mọ ibi tí oko wa wà.

Ìtẹ̀ka la ò rí yanjú. Ọ̀gá ní ó ti wà lórí ẹ̀rọ ní òkèèrè, òun ò lágbára láti pa á rẹ́, òun máa kọ̀wé. Ó ti kọ̀wé lóòótọ́, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Èsì ò tíì dé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ká lé wọn nílùú, ká má tà fún wọn mọ́. Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, torí òfin yẹn ń bọ̀ bá a fẹ́ bá a kọ̀, bí èyí bá lọ òmíràn máa wá, ó lè má gbé obì lọ sáàfin kó tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti tún oko ẹbí yẹn yà. Pọ́íǹtì mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ń fi kókó apá tiẹ̀ san owó tó yá, ẹni tó yá a lówó ti fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà lára igi Ìyá, Kábíyèsí ló ní kó nù ún fúnra ẹ̀. Oko opó yẹn ṣì pupa. Àwọn tó ń gbé báìkì wá láti Òmùò ló ń tà á fún ní iye tí wọ́n bá dá lé e, àwa sì ti bá a kọ lẹ́tà ìfisùn sí NDPC, a ya fọ́tò igi kókó ẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè mọ́ ọn, ìjòyè méjì àti olórí ẹbí fọwọ́ sí i pé oko ni láti ìgbà ayé ọkọ ẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ fọ́ọ̀mù tá a tún ṣe, tàbí ẹ̀dà lẹ́tà opó yìí kí wọ́n lè fi ṣe tiwọn, kí wọ́n rán ẹnì kan wá bá mi lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, kó mú owó fọ́tókópì dání.